Okùn Tí Olóyè Olúgbénró Fi Ṣe Ríbọ́ọ̀nù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ẹgbẹ́ Aláàánú Orílẹ̀-Èdè kì í ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ilé wọn ní Ìkejà ga, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ méjì, ọ̀kan fún iná, èkejì fún ìgbà tí ọ̀kan bá ń sinmi. Bí omi bá ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní Agége, kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ìpàdé. Bí ìpàdé bá parí, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ kékeré. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kékeré bá fi máa jábọ̀, omi á ti fà, oòrùn á ti yọ, onílé á ti sá ẹní rẹ̀ gbẹ. Ìgbà náà ni ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Aláàánú á wá dé pẹ̀lú kúbùsù. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí kúbùsù wọn bá nínú òtútù rí.

Ẹni tó wà lórí àga Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ni Olóyè Olúgbénró, ọmọ Ìjẹ̀bú, onílé ní Omole, ọkùnrin tó sanra dáadáa tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ bá dún lẹ́nu géètì láàárọ̀, dandan ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n tò sí ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. Job, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, ló ń gbé agbòjò tẹ̀lé e, ìbáà ṣe inú ilé ni wọ́n wà. Bí Olóyè bá sín, Job á ní, "Orílẹ̀-èdè ti gbọ́, sà!" Bí Olóyè bá yán, Job náà á yán, kó má baà dà bíi pé ọ̀gá nìkan ló rẹ̀. Ẹ má fi Job ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rín bọ́ mọ́ lẹ́nu níbi tí wọn kò ti rán an ní ẹ̀rín.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ láti Àbújá farada èyí títí, ó sú wọn. Alága wọn, Ìyáàfin Oyinadé, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín láìnídìí, gbéra wá sí Ìkejà fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ìdúró ló wà tó fi sọ̀rọ̀.

"A ti tún ẹgbẹ́ yìí tò," ó ní. "Láti òní lọ, àwọn ará àdúgbò tó ń yọ̀ǹda ara wọn ni yóò máa ṣáájú, ilé yìí á máa tẹ̀lé wọn. Ohun tí wọ́n bá ní àwọn nílò, ẹ gbé e fún wọn. Ẹni tó bá sì máa jókòó sórí àga Ọ̀gá Àgbà, àwọn ni wọ́n máa na ọwọ́ sókè fún un, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lójú mi. Bí ọwọ́ kò bá nà, àga ti ṣófo nìyẹn. Ẹ̀yin Olóyè, ẹ mú ọjọ́ tó bá wù yín kí ọdún tó parí."

Ẹlòmíràn gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí á domi. Olóyè gbọ́ ọ, ó ní wọ́n gbé òun ga ni. Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ọmọ ogun àánú mi," ó ní, "ìròyìn ayọ̀ dé! Láti òní lọ, ará àdúgbò ni ọ̀gá. Ó dáa. Tí ará àdúgbò bá jẹ́ ọ̀gá, ta wá ni ọ̀gá àwọn ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ẹ̀yin nìkan, sà!" Job fi kún un, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi kún un.

Ìpinnu àkọ́kọ́ tí Olóyè ṣe láti sún mọ́ ará ìlú ni pé kí káfíńtà kan pèpéle sí abẹ́ àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì, pèpéle gíga tó ní àtẹ̀gùn. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó fẹ̀sọ̀ bi í pé kí nìdí. Olóyè ní, "Bí mi ò bá ga, báwo ni mo ṣe máa rẹ ara mi sílẹ̀?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, Job di apá rẹ̀ mú kó má ṣubú, ayàwòrán sì ya fọ́tò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti okùn náà fún yín, nítorí láìsí okùn, ìtàn yìí kò lẹ́sẹ̀.

Àdúgbò kan wà lẹ́yìn odò ẹran ní Oko Ọba, Agége, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Kánààlì la àdúgbò náà já. Ilé àwọn ènìyàn wà lápá kan, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì wà lápá kejì, afárá kékeré kan ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi á bo afárá mọ́lẹ̀, ojú èèyàn kò ní mọ ibi tí afárá parí sí àti ibi tí kánààlì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti gbé ọkọ Morẹ́nikẹ́ lọ, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n rí bàtà rẹ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀, wọn kò rí i títí dòní.

Morẹ́nikẹ́ yìí, ọmọ Èkìtì ni, òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà létí afárá. Nígbà tó ṣọ̀fọ̀ tán, kò lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ọ̀dọ̀ Alhaji Suara, olórí àwọn alápatà, ló lọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní okùn tí wọ́n fi ń so akọ màlúù tó bá ń ṣe agídí. Alhaji bi í léèrè ohun tó fẹ́ so.

"Omi," ó ní.

Alhaji dìde. Ó fún un ní okùn tó nípọn tó ọwọ́ ọmọdé, ó sì tẹ̀lé e wá síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Wọ́n so etí kan mọ́ òpó irin ilé búrẹ́dì, wọ́n so èkejì mọ́ géètì ilé iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń so okùn, àwọn tó kù á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á dì í mú kó má baà mì, àwọn tó ń kọjá á sì máa gbà á kọjá. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá di okùn mú kò gbọdọ̀ tú ọwọ́ títí Alhaji Suara yóò fi kígbe pé, "Ó tó!" Fóònù lè dún, fìlà lè ṣí, ìró lè fẹ́ já. Kò sí títú ọwọ́. Omi kò sì gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ò mọ ẹgbẹ́ aláàánú tó ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí tó kù.

Olóyè gbọ́ nípa wọn, ó sì wá. Ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ló wá, nítorí bàtà rẹ̀.

"Ta ni olórí yín níbí?" ó bi Morẹ́nikẹ́, tí ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Olórí kẹ̀? Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń so okùn."

"Bí ẹni méjì bá jọ dé ńkọ́?"

"Ẹnì kan á so tibí, ẹnì kejì á so tọ̀hún."

Olóyè yíjú sí Job, àánú sì hàn lójú rẹ̀ gidigidi. "Job, ṣé o rí i? Iṣẹ́ ńlá, kò ní olórí."

"Ọmọ òrukàn gbáà ni, sà," Job dáhùn.

Ojú ẹsẹ̀ ni Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n joyè. Morẹ́nikẹ́ di Igbákejì Alákòóso Okùn, Apá Ìbẹ̀rẹ̀. Alhaji Suara di Olùdarí Àgbà fún Ìgbé-Ariwo. Ó fún gbogbo wọn ní ẹ̀wù aláìlápá tí àwòrán ojú rẹ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn, kí ó má baà sí ibi tí èèyàn máa dúró sí tí kò ní rí i.

Alhaji yẹ tirẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. "Olóyè, ẹ̀jẹ̀ màlúù á máa ta sí yín lójú o."

"Kò burú. Ojú mi ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dé," ni Olóyè wí. Ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Job kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni Olóyè rántí pé Ìyáàfin Oyinadé ní kí àwọn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n nílò. Ó bi wọ́n. Morẹ́nikẹ́ ní àwọn nílò bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, àti okùn kejì, nítorí pé ọ̀kan kì í gbé èèyàn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olóyè ní ó ti dé.

Ohun tó dé ni ìpè sí Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ọwọ́ Nínà, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkejà.

Ṣé ẹ rí i, Olóyè kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ni àga òun so mọ́, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nà wọ́gọwọ̀gọ lójú Ìyáàfin Oyinadé. Nítorí náà ni Job fi dúró síwájú àwọn alápatà, oníbúrẹ́dì àti òṣìṣẹ́ bísíkíìtì láti àárọ̀ dọ̀sán, tó ń kígbe pé, "Ọwọ́ ọ̀tún! Ẹ nà án dáadáa! Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀! Ẹ rẹ́rìn-ín!" Wọ́n nà á. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tún nà á. Apá Alhaji Suara ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ, Job sì fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nusrat, òṣìṣẹ́ ilé bísíkíìtì tó máa ń gba orí okùn lọ síbi iṣẹ́, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó bá ti mu omi yó ni?"

"Ìyẹn wà ní abala kejì," Job wí.

Abala kejì ni oúnjẹ ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́, wọn ò bínú. Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, Morẹ́nikẹ́ ló ní, "Ọwọ́ nínà kì í ṣe ẹrù. Bí ọwọ́ ló ń wá, a ó nà án fún un. Kó ṣáà ti fún wa ní okùn kejì." Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àga Olóyè wà ní ipò rẹ̀ digbí. Bó bá lọ sílé lọ sùn ni, òun ni ì bá ṣì jẹ́ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá lónìí.

Kò lọ sùn. Ó ní àdúgbò náà ti di ẹ̀ka tuntun ẹgbẹ́, àwọn sì gbọ́dọ̀ ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ.

Wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé àga wá, àwọn onífèrè dé pẹ̀lú aṣọ funfun. Job tẹ́ ríbọ́ọ̀nù pupa sí ẹnu afárá. Olóyè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo ríbọ́ọ̀nù náà, ojú rẹ̀ sì korò.

"Job, kí nìyí? Ríbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gé fún ilé epo. Ṣé ilé epo ni mí?"

"Rárá o, sà! Ilé epo kankan kò tó yín."

Ojú Olóyè wá bọ́ sórí okùn tí wọ́n ká sí ẹsẹ̀ òpó ilé búrẹ́dì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n nà án kọjá ẹnu afárá, òun lòun máa gé.

Morẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé Job ti ń tú u, ó sáré jáde. "Ẹ gbà mí, Olóyè. Kì í ṣe okùn yẹn. Ẹ dúró, gèlè mi tó dáa jù wà nínú ilé, n ó lọ mú u wá. Ẹ gé gèlè mi."

"Ìyá oníbúrẹ́dì," Olóyè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, "ẹ ò mọ àmì. Àná ni mò ń gé kúrò lára òní. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò."

Àlùmọ́gàjí aláwọ̀ góòlù tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò lè gé e. Ó tẹ̀. Job sáré tọ Alhaji Suara lọ pé kó yá àwọn ní ọ̀bẹ. Alhaji ki ọ̀bẹ rẹ̀ bọ inú àkọ̀. "Màlúù ni mò ń pa," ó ní. "N kì í pa okùn." Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí káfíńtà tó kan pèpéle, ó mú ayùn wá. Olóyè bọ́ agbádá fún Job, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn rẹ́ okùn. Àwọn onífèrè fun orin orílẹ̀-èdè tán, okùn kò tíì já. Wọ́n tún un fun. Olóyè dúró nu òógùn, ó dúró ya fọ́tò, ó tún ń rẹ́ ẹ. Ìgbà tí okùn já, àwọn ará ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ tí ọwọ́ wọn fẹ́ bó. Àwọn ará àdúgbò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Morẹ́nikẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé búrẹ́dì rẹ̀, ó fi ìró bojú, ó ń sunkún gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé bàtà ẹyọ kan náà wá bá a. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò ìyẹn.

Wọ́n gbé ìdajì okùn lọ sí Ìkejà, wọ́n fi í sínú àpótí dígí, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, ÀNÁ. Ní ipò rẹ̀, Olóyè fún àdúgbò ní okùn tuntun, funfun báláú, tó ń dán, tó ní wajawaja góòlù létí, irú èyí tí wọ́n fi ń so kọ́tìnì ní pálọ̀ àwọn olówó. Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn alápatà fà á wò, wọ́n sì wo ara wọn lójú. Wọ́n fi ìdajì okùn màlúù tó ṣẹ́ kù pamọ́ sẹ́yìn ààrò búrẹ́dì.

Ó wá ku ọjọ́ ọwọ́ nínà. Olóyè mú ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ìyẹn àárín gbùngbùn òjò. Job fẹ̀sọ̀ sọ fún un pé àwọn tó ń kéde ojú ọjọ́ ti ní òjò ńlá ń bọ̀.

"Ṣé òjò mọ̀ pé ọjọ́ ìbí mi ni?" Olóyè bi í.

"A lè kọ ìwé sí i, sà," Job wí.

Ìyáàfin Oyinadé dé láti Àbújá, ó jókòó sí ìlà iwájú lábẹ́ kánópì létí afárá pẹ̀lú bàtà aláwọ dúdú rẹ̀. Wọ́n ti ru pèpéle Olóyè wá láti ọ́fíìsì, òun sì ti wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó kí wọn, kó ní kí wọ́n na ọwọ́, kí gbogbo ayé lọ sílé. Àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Gbohùngbohùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "kí n tó sọ ibi tí à ń lọ, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ní Ìjẹ̀bú, àwọn àgbààgbà wo ojú mi, ẹnu yà wọ́n."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Olóyè ń fa ọ̀rọ̀ gùn, òjò ń le sí i. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn. Job gbé wáyà gbohùngbohùn kọ́ ọrùn. Lódìkejì kánààlì, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì jáde, Nusrat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró jọ lẹ́nu géètì, wọ́n ń wo omi tó ti bo afárá. Obìnrin kan láàárín wọn pọn ọmọ. Alhaji Suara rí wọn, ó dìde. Morẹ́nikẹ́ dìde. Kò sí ẹni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo àga kàn ṣófo ni.

"Ta ló ní kí ẹ dìde?" Olóyè kígbe. "N kò tíì dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀!"

Wọ́n so okùn funfun. Ẹ má sọ pé wọn ò gbìyànjú rẹ̀. Omi kàn án, ó fà bí ilá, ó sì já láàárín orúkọ Olóyè. Wajawaja góòlù ṣíwájú, ìyókù tẹ̀lé e. Morẹ́nikẹ́ gbé ìdajì okùn màlúù jáde láti ẹ̀yìn ààrò, wọ́n so ó mọ́ òpó, ṣùgbọ́n kò gùn dé ìdajì omi. Alhaji Suara kò jáfara. "Ẹ fi ọwọ́ yín kún un!" ó ní. "Ẹ di ọrùn ọwọ́ ara yín mú!" Bí àwọn alápatà ṣe to ara wọn láti orí okùn wọ inú omi nìyẹn, ẹnì kan di ẹnì kejì mú, Alhaji fúnra rẹ̀ níwájú, Morẹ́nikẹ́ lẹ́yìn wọn, tó di etí okùn mú. Nusrat náà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì tiwọn, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé wọn. Kò tó. Ìyáàfin Oyinadé bọ́ bàtà, ó gbé e sórí àga, ó wọ inú omi. Job wo Olóyè, ó wo omi, ó pa agbòjò dé, ó wọ omi tẹ̀lé Ìyáàfin. Kò sì tíì tó.

"Ẹnì kan ló kù!" Alhaji pariwo. "Ẹnì kan péré!"

Ẹnì kan péré náà wà lórí pèpéle, gbígbẹ. Mo fẹ́ sọ fún yín pé àánú ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ayàwòrán ló kọjú kámẹ́rà sí omi. Bí Olóyè ṣe rí i pé ibẹ̀ ni fọ́tò wà, ó ṣán agbádá lé èjìká, ó wọ omi, ó bọ́ sáàárín Job àti Morẹ́nikẹ́. Wọ́n dì í mú. Ọwọ́ kan ọwọ́ láti ilé búrẹ́dì dé ẹnu géètì. Obìnrin tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ bọ́ sínú omi, ó ń di èjìká wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rìn, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọmọ ta ni.

Wọ́n ya fọ́tò. Olóyè rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà náà ló wá rántí pé Ìyáàfin Oyinadé máa wọ bàlúù padà nírọ̀lẹ́, àti pé wọn kò tíì na ọwọ́. Ó wò yíká. Gbogbo wọn ló pé síbẹ̀, ó tún jẹ́ pé ìlà kan gbọọrọ ni wọ́n tò. Ìgbà wo ló tún kù?

"Ẹ̀yin olùyọ̀ǹda!" ó figbe ta. "Ẹni tó bá fẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ, kó na ọwọ́ rẹ̀ sókè!"

Kò sí ọwọ́ tó kúrò níbi tó wà.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ni? Ọwọ́ ọ̀tún! Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀!"

"Olóyè, ọwọ́ wo?" Morẹ́nikẹ́ kígbe mọ́ ọn, omi ń wọ ọ́ lẹ́nu. "Ọwọ́ wa la fi dípò okùn tí ẹ gé!"

"Kí ẹnikẹ́ni má tú ọwọ́ o!" Alhaji fi kún un.

Olóyè kò gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ kan òun. Ó rò pé ojú ló ń tì wọ́n, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ó já ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Job, ó nà án sókè. Ó nà án dáadáa. Ìgbọ̀nwọ́ kò tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Báyìí!" ó ní. Nígbà tí kò rí ẹni tó tẹ̀lé e, ó já ti òsì gbà lọ́wọ́ Morẹ́nikẹ́, ó fi kún un.

Omi gbé e.

Morẹ́nikẹ́ rí i. Ọwọ́ méjì tó ń lọ lójú omi yẹn, ó ti máa ń rí wọn lójú oorun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. "Kò ní gbé ẹlòmíràn!" ó pariwo. "Ẹ̀yin ará odò ẹran! Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o!" Àmọ́ kò sáré tẹ̀lé e. Ó na apá débi tí èjìká rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, àwọn tó kù náà na tiwọn, ó gbá Job mú lọ́rùn ọwọ́, àlàfo náà sì dí. Obìnrin tó pọn ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró níbẹ̀ rí. Àwọn tó kù tẹ̀lé e, títí gbogbo òṣìṣẹ́ fi kọjá, kí Alhaji Suara tó ní, "Ó tó!"

Ní ìsàlẹ̀ kánààlì, níbi tí wọ́n fi irin ṣe ọgbà láti dá ìwo màlúù àti ọ̀rá dúró, ni àwọn alápatà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti gbọ́ ohùn kan tó ń kígbe pé, "Èmi ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá!" Wọ́n kọ́kọ́ rò pé màlúù ni, nítorí bí ó ti tóbi tó. Wọ́n ní màlúù kì í pe oyè ara rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n ju okùn sí i, wọ́n so ó bí wọ́n ṣe ń so akọ tó ń ṣe agídí, wọ́n fà á gòkè pẹ̀lú ìwo kan tó há sí i lágbádá. Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Aláàánú tó gbé pèpéle wá wà nítòsí, kúbùsù sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi bò ó. Báyìí ni kúbùsù ẹgbẹ́ náà ṣe bá èèyàn nínú òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Gbogbo wọn pé jọ sínú ilé búrẹ́dì níbi ooru ààrò. Ìyáàfin Oyinadé fún omi kúrò létí yẹ̀rì rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ti ṣófo wàyí," ó ní. "N ó tún un bi. Ta ló fẹ́ kí Olóyè máa bá iṣẹ́ lọ?"

Àpá ìka ara wọn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Morẹ́nikẹ́ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, okùn ti bó o. Ó wò ó títí. "Màámà," ó ní, "ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

Orí ń yún Job. Ó gbé ọwọ́ láti fi yún un, ó rántí, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọwọ́ méjì ló nà sókè lónìí," Ìyáàfin Oyinadé wí. "Ara ẹnì kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá, ìgbà tó yẹ kó di ẹlòmíràn mú ló sì nà wọ́n. Àga ṣófo."

Wọ́n yọ ìdajì okùn kúrò nínú àpótí dígí, Alhaji Suara sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ èkejì. Bàtà òjò dé, tọ́ọ̀ṣì dé, okùn kejì náà dé. Pákó pèpéle ni wọ́n fi ṣe ibi tí Morẹ́nikẹ́ ń to búrẹ́dì sí. Job ló ń gbé àpò ìyẹ̀fun fún un báyìí, ó sì ń yán nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ní ti Olóyè, ó wà ní Omole. Bí àwọn onílé bá ṣe ìpàdé, ó máa ń dìde, á nu ẹnu, á sọ ti ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní Agége. "Ẹ lọ bi ẹni tó bá wù yín," á ní. "Gbogbo ọwọ́ tó nà sókè lọ́jọ́ náà, èmi ni wọ́n nà án fún." Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sì ti bi ẹni tó wù mí. Òótọ́ ló ń sọ.